Kí Ará Ìlú Tó Gba Ọ̀nà Náà

Ní ọjọ́ 14, oṣù Karùn-ún, ọdún 2025, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, ọ̀gá àgbà àjọ JAMB, wà níwájú àwọn oníròyìn ní Àbújá, ó ń sọ̀rọ̀, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìlọrin nígbà kan rí ni, àgbàlagbà tí ìlú mọ̀ sí ẹni tí kì í gba gbẹ̀rẹ́. Ohun tó pa á lẹ́kún ni èsì ìdánwò àṣewọlé sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ọdún náà. Nínú àwọn ọmọ tó lé ní 1,900,000 tí èsì wọn jáde, àwọn tó lé ní 1,500,000 ni kò rí tó 200 gbà nínú 400. Kí wọ́n tó wádìí ọ̀rọ̀ náà, oníkálùkù ti ní àlàyé tirẹ̀. Àwọn kan ní àwọn ọmọ ìwòyí kò kàwé mọ́, pé fóònù ti gba ọpọlọ wọn. Àwọn mìíràn ní ó dára bẹ́ẹ̀, pé ó fi hàn pé ojoro ti dínkù. Ìgbà tí wọ́n yẹ ẹ̀rọ wò ni wọ́n tó rí i pé ẹ̀rọ ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti jẹ́.

Àwọn ọmọ 379,997 ni ọ̀rọ̀ náà kàn: 206,610 ní ibùdó 65 ní ìpínlẹ̀ Èkó, àti 173,387 ní ibùdó 92 ní ìpínlẹ̀ márùn-ún ìhà Gúúsù-Ìlà-Oòrùn. Láti ọjọ́ 16 oṣù náà ni àtúnṣe ìdánwò ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe ìdánwò WAEC lọ́wọ́. Àlàyé tí àjọ náà ṣe kò ṣòroó lóye. Wọ́n yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà da ìbéèrè pọ̀ mọ́ra padà lọ́dún náà, wọ́n sì yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà máàkì ìdáhùn padà pẹ̀lú. Ètò tuntun náà gbọ́dọ̀ wà lórí gbogbo sáfà, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń dá àwọn kéékèèké lóhùn. Ó dé orí àwọn kan, kò dé orí èyí tó ń bójú tó Èkó àti Gúúsù-Ìlà-Oòrùn. Ọmọ á tẹ ìdáhùn tó tọ́, òṣùwọ̀n àtijọ́ ni wọn yóò fi wọ̀n ọ́n.

Irú àṣìṣe báyìí kì í pariwo. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Sáfà tó ń máàkì dáadáa àti èyí tí kò máàkì dáadáa, bákan náà ni wọ́n rí lójú ẹni tó ń kọjá lọ. Ìdí nìyí tí ìbéèrè kan fi yẹ kí ó dí oorun mọ́ gbogbo ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún ará ìlú lójú: kí ọmọ àkọ́kọ́ tó jókòó, ṣé ẹnìkan ti jókòó bí ọmọ, lórí sáfà yẹn gan-an, tó tẹ ìdáhùn tí a ti mọ máàkì rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó sì dúró títí èsì fi jáde? Ọmọ àfarawé kan ṣoṣo tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lórí sáfà ti Èkó ni ìbá tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà.

Ohun tó ṣe Abọ́yadé, gbogbo Ọlọ́ya ló ń ṣe. Orí ayélujára ni a ti ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ báyìí, ibẹ̀ ni a ti ń béèrè ìwé ìrìnnà, ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti ń yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ìkànnì wọ̀nyí ni àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan wà, ní Yábàá, ní Ìbàdàn tàbí níbi tó jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n ń tún kóòdù rẹ̀ ṣe lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, nígbà mìíràn lójoojúmọ́. Ilé tí ènìyàn ń gbé inú rẹ̀ ni wọ́n ń yọ bíríkì lára rẹ̀ tí wọ́n ń fi òmíràn dípò. Ohun tó ń fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pé ògiri kejì kò sán ni àyẹ̀wò, ó sì yẹ kí ará ìlú mọ irú àyẹ̀wò tó tó fún iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ń se ọbẹ̀ lè fi ahọ́n kan iyọ̀, kí ó gbóòórùn epo, kí ó fi ìka tẹ ẹran wò. Gbogbo wọn lè dára. Ṣùgbọ́n títí tí yóò fi bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ kí ó tọ́ ọ wò, kò tíì mọ ohun tó fẹ́ gbé síwájú àlejò. Bákan náà ni àyẹ̀wò ètò kọ̀ǹpútà. Àwọn kéékèèké wà tó ń wo iṣẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan: ṣé ibi tó ń ṣírò èlé ń ṣírò rẹ̀ bó ti yẹ? Ṣé ibi tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ kọ nọ́ńbà náà pé? Àyẹ̀wò ìbẹ̀rẹ̀-dé-òpin yàtọ̀ sí wọn. Ó máa ń ṣí bíráúsà gidi, Chrome tàbí Firefox tí gbogbo wa ń lò, á wọ inú ìkànnì náà láti ẹnu ọ̀nà, á kọ orúkọ, á tẹ bọ́tìnì, á dúró de ìdáhùn, á ka ohun tó jáde lójú rẹ̀, á sì sọ bóyá ohun tó yẹ kí ó jáde nìyẹn. Ètò kọ̀ǹpútà ló ń ṣe gbogbo èyí, kì í ṣe ènìyàn. Ènìyàn lè ṣe é o, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló sì ń san owó fún ènìyàn láti máa ṣe é. Àmọ́ ẹni tó ti rin ọ̀nà kan náà ní ogójì ìgbà, tó bá di ìgbà kọkànlélógójì, yóò fo ibi tó ti dá lójú. Ẹ̀rọ kì í sú. Bí wọ́n bá ní kí ó tún un rìn ní agogo méjì òru nítorí pé ẹnìkan yí ìlà kóòdù kan padà, á rìn ín.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 2004, Jason Huggins, tó ń ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ ThoughtWorks ní Chicago, rí i pé títẹ ìkànnì kan náà lójoojúmọ́ láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́ ti sú òun, ó sì kọ irinṣẹ́ tí yóò máa bá òun tẹ̀ ẹ́. Selenium ni orúkọ tó sọ ọ́, ẹ̀fẹ̀ sì wà nínú orúkọ náà: ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Mercury ló jẹ́ ọ̀gá ọjà irinṣẹ́ àyẹ̀wò nígbà náà, èròjà selenium ni wọ́n sì sọ pé ó ń pa oró mercury. Simon Stewart ṣe irinṣẹ́ mìíràn, WebDriver, tí wọ́n wá so pọ̀ mọ́ ti Huggins. Nígbà tó di oṣù Kẹfà ọdún 2018, àjọ W3C, tó ń ṣe ìlànà fún ayélujára, sọ WebDriver di ìlànà gbogboogbò. Cypress wà, Playwright náà wà, èyí tí Microsoft gbé jáde ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020, ọ̀fẹ́ sì ni. Owó irinṣẹ́ kì í ṣe àwáwí mọ́.

Ká mú àpẹẹrẹ tó sún mọ́ ilé. Ká ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olùkọ́ kan ní ìkànnì tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi ń wo owó wọn, tí wọ́n sì fi ń béèrè ẹ̀yáwó. Ó ti ń ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta láìní àyẹ̀wò kankan, bí wọ́n bá sì tún un ṣe, àdúrà ni wọ́n fi ń gbé e jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ wá pinnu pé òun yóò fi àyẹ̀wò ìbẹ̀rẹ̀-dé-òpin sí i. Ibo ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀? Ohun tí ń pa irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ kó tó dàgbà ni fífẹ́ láti yẹ gbogbo ojú ìwé wò lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ìwé tí wọ́n kọ ìtàn ẹgbẹ́ sí lè dúró. Kí ó bi ara rẹ̀ léèrè pé ọ̀nà wo ló jẹ́ pé bí ó bá dí ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yóò ya bo ọ́fíìsì? Kò lè ju mẹ́rin lọ: wíwọlé, wíwo owó, bíbéèrè ẹ̀yáwó, àti fífi ọwọ́ sí ẹ̀yáwó. Àwọn yẹn ni kí ó kọ́kọ́ rìn.

Yóò dá ọmọ ẹgbẹ́ àfarawé kan sílẹ̀, tí owó rẹ̀ jẹ́ ₦120,000. Bí òfin ẹgbẹ́ bá ní ènìyàn lè yá ìlọ́po méjì ohun tó fi pamọ́, àyẹ̀wò náà yóò béèrè ₦200,000, yóò sì retí pé wọ́n gbà á. Yóò tún padà wá béèrè ₦300,000, yóò sì retí pé wọn kò gbà á, pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi kọ̀ ọ́ yé ènìyàn. Ibi tí ọ̀pọ̀ máa ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ sí nìyí. Wọ́n á rí “Ẹ ṣeun, a ti gba ìbéèrè yín” lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n á ní ó ti parí. Kò tíì parí. Ìwé ìdúpẹ́ kì í ṣe owó. Àyẹ̀wò náà ní láti ṣí bíráúsà kejì, kí ó wọlé bí akọ̀wé ẹgbẹ́, kí ó wò ó bóyá ìbéèrè yẹn dé iwájú akọ̀wé, pẹ̀lú iye tó tọ́ àti orúkọ àwọn onídùúró méjèèjì. Kí ó fọwọ́ sí i. Kí ó tún padà sí ọ̀dọ̀ ọmọ ẹgbẹ́, kí ó rí i pé gbèsè ₦200,000 ti wọ inú ìwé rẹ̀, kì í ṣe ₦20,000, kì í sì ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Ibẹ̀ ni òpin wà.

Orúkọ wo ni kí ọmọ ẹgbẹ́ àfarawé náà máa jẹ́? Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nìyí nílẹ̀ Yorùbá. Ẹni tó bá ń fi “John Smith” yẹ ìkànnì wò kò ní mọ ohun tó ń ṣe Ọláṣubọ̀mí Ọ̀ṣúnṣeun. Fọ́ọ̀mù kan yóò kọ orúkọ náà sílẹ̀ pé kì í ṣe lẹ́tà, nítorí pé láti A dé Z ti Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n kọ́ ọ láti mọ̀. Òmíràn yóò gbà á, yóò sì ka lẹ́tà rẹ̀ sódì: nínú ìlànà Unicode tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, “ọ” ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n “ọ̀” tó ní àmì lórí kò ní àyè ẹyọ kan, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń fi àmì ohùn lé e, ẹ̀rọ tó bá ń kà á lóréfèé á sì kà á sí méjì. Èyí tó burú jù ni pé “ò” tí fóònù kan kọ àti “ò” tí kọ̀ǹpútà mìíràn kọ lè jọra lójú ènìyàn bí ìbejì, kí ẹ̀rọ sì rí wọn bí àjèjì méjì. Akọ̀wé á wá orúkọ màmá kan nínú ìwé, kò ní rí i. Màmá náà á ní òun wà nínú ẹgbẹ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Àwọn méjèèjì ni òótọ́ wà lẹ́nu wọn. Àìmọye ènìyàn ló ti jẹ́ kí àmì orúkọ wọn lọ nítorí fọ́ọ̀mù, tí wọ́n rò pé àwọn ni wọ́n ṣe ohun tí kò tọ́. Nítorí náà, kí orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ àfarawé ní àmì lókè, kí ó ní sàlẹ̀, kí ó sì ní ìlà láàárín orúkọ méjì bí orúkọ àwọn ìyàwó ilé tó ń pa ti bàbá wọn mọ́ ti ọkọ.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń kọ́? Ní ọ́fíìsì ẹni tó kọ ìkànnì náà, íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣàn bí omi. Ọmọ ẹgbẹ́ tó wà ní abúlé lẹ́yìn Ìsẹ́yìn á tẹ “Béèrè fún ẹ̀yáwó,” nǹkan kan kò ní yí padà lójú fóònù, á tún un tẹ̀. Bí ìkànnì náà kò bá gbọ́n, ẹ̀yáwó méjì ló béèrè yẹn. Àwọn irinṣẹ́ tí a dárúkọ lókè lè sọ ìsopọ̀ di ohun tó ń falẹ̀, wọ́n lè gé e pátápátá, wọ́n sì lè tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀mejì kíákíá bí ẹni tí ara rẹ̀ kò lélẹ̀. Ẹyọ ìbéèrè kan ló gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Ní ti owó sísan, Paystack àti Flutterwave ní àyè ìdánrawò pẹ̀lú káàdì àfarawé, kò sí kọ́bọ̀ kan tí yóò kúrò ní bánkì. Kò sí ìdí kankan fún ẹnikẹ́ni láti fi orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ọmọ ẹgbẹ́ gidi ṣe àyẹ̀wò, òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 sì wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá rò pé ìwà ọmọlúàbí nìkan kò tó.

Títí dé ibí, ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ẹni tó bá ti ṣe é rí mọ ibi tó ti ń kan. Ìṣòro àkọ́kọ́ ni dídúró. Ẹ̀rọ yára ju ojú ìwé lọ. Á tẹ bọ́tìnì kí bọ́tìnì tó jáde. Àwọn kan á ní kí ó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Bí ojú ìwé bá gba mẹ́fà, àyẹ̀wò náà á ní ìkànnì ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ kò bàjẹ́. Bí ó bá gba ẹyọ kan, mẹ́rin ti ṣòfò, tí a bá sì sọ ọ́ di ọgọ́rùn-ún ìgbà, ìṣẹ́jú mélòó kan ti lọ lásán. Irinṣẹ́ bíi Playwright ń dúró de ohun náà fúnra rẹ̀, títí bọ́tìnì á fi jáde tí yóò sì ṣeé tẹ̀. Ìṣòro kejì ni bí àyẹ̀wò ṣe ń dá bọ́tìnì mọ̀. Ẹni tó bá júwe rẹ̀ pé “bọ́tìnì kẹta nínú àpótí kejì” yóò tún un kọ nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ṣí nǹkan nípò. Ọ̀rọ̀ tí ará ìlú ń kà lára rẹ̀ ni kí ó fi pè é. Àǹfààní mìíràn sì wà níbẹ̀: orúkọ yẹn náà ni ẹ̀rọ tó ń kàwé fún afọ́jú ń kà sókè. Bí àyẹ̀wò kò bá rí bọ́tìnì náà nípa orúkọ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí olùkọ́ tó fọ́jú nínú ẹgbẹ́ náà má rí i.

Ìṣòro kẹta ló ń pa àyẹ̀wò púpọ̀. Àyẹ̀wò kan á yege lónìí, á kùnà lọ́la, á tún yege lọ́tùnla, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan kóòdù. Ní ọdún 2016, Google sọ ọ́ fúnra wọn pé nínú gbogbo ìgbà tí àwọn bá ṣe àyẹ̀wò, nǹkan bí 1.5 nínú 100 ni èsì rẹ̀ ń yí bírí bẹ́ẹ̀, àti pé nǹkan bí 16 nínú 100 àyẹ̀wò wọn ló ní àrùn náà lára díẹ̀. Ó dà bí ọlọ́dẹ àdúgbò tó ń fọn fèrè nítorí ológbò, tó ń fọn ọ́n nítorí ewé tó jábọ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn ènìyàn á jáde. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n á yí ẹ̀gbẹ́ padà lórí ibùsùn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin ni olè á wá. Àyẹ̀wò tó bá ń ṣe báyìí, kí wọ́n wo ìdí rẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, bí wọn kò bá rí i, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Òfin yìí le, àwọn kan kò sì fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n mẹ́rin tí gbogbo ilé gbà gbọ́ sàn ju ogójì tí ẹnikẹ́ni kò wò lọ.

Èyí náà ló fà á tí àwọn kéékèèké fi gbọ́dọ̀ pọ̀ ju ti ìbẹ̀rẹ̀-dé-òpin lọ fíìfíì. Mike Cohn kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 2009 pé kí àyẹ̀wò rí bíi píráḿídì; ẹni tó bá mọ òkìtì ẹ̀pà Kánò àtijọ́ ti mọ ohun tó ń wí. Ìsàlẹ̀ gbòòrò, orí tín-ín-rín. Ìbẹ̀rẹ̀-dé-òpin ni àpò ẹ̀pà mélòó kan tó wà lókè téńté.

Ó wá ku ohun kan tí àwọn tó kọ́ iṣẹ́ yìí nínú ìwé kì í sábàá tẹnu mọ́ tó, ibẹ̀ sì ni ìṣẹ̀lẹ̀ ọdún 2025 ti lé òmíràn lórí ẹ̀kọ́ inú ìwé. Ká ní wọ́n ti ṣe gbogbo àyẹ̀wò yìí lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó kọ kóòdù náà, gbogbo rẹ̀ ìbá yege. Kóòdù tuntun lè tọ́ délẹ̀. Ibi tí kò dé ni yóò pa ni lára. Nítorí náà, àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ jáde kò tó. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé e jáde, kí ọmọ àfarawé tún padà lọ, kí ó gba ọ̀nà náà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan sáfà tí ará ìlú yóò lò, kí wọ́n sì ka èsì rẹ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Kì í gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ibi tí sáfà bá ti jẹ́ ogún, ogún ìgbà ni kí ó lọ. Ẹni tó bá yan ọ̀kan nínú wọn tó sì sọ pé àwọn yòókù ṣáà jọ ọ́, ó ti gbàgbé alángbá.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àìlówó ló ń fa gbogbo èyí. Amẹ́ríkà náà ti ṣubú sínú kòtò yìí. Ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹwàá, ọdún 2013, ìjọba Ààrẹ Barack Obama ṣí HealthCare.gov, ìkànnì tí àwọn ará ìpínlẹ̀ 36 yóò ti máa ra adójútòfò ìlera. Àkọsílẹ̀ tí ìgbìmọ̀ Ilé Aṣojú-ṣòfin gbé jáde lẹ́yìn náà fi hàn pé ènìyàn mẹ́fà péré ló parí iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ náà. Ní ọjọ́ 24 oṣù yẹn, àwọn agbaṣẹ́ṣe tó kọ́ ọ, CGI Federal àti QSSI nínú wọn, jókòó níwájú ìgbìmọ̀ kan ní ilé náà. Ohun tó ń yani lẹ́nu ni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ọ̀rọ̀ rere sọ nípa apá tirẹ̀. Iyọ̀ dára, epo dára. Wọ́n bi wọ́n pé nígbà wo ni wọ́n yẹ gbogbo rẹ̀ wò pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n ní ní ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn oṣù Kẹsàn-án ni. Wọ́n bi wọ́n pé báwo ni àkókò náà ìbá ti pẹ́ tó. Wọ́n ní oṣù mélòó kan ló yẹ.

Òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mẹ́kún sun. Ọ̀sẹ̀ méjì tó láti mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́, kò tó láti tún un ṣe, ẹni tó sì lè dúró níwájú Ààrẹ kí ó sọ pé kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú kò sí nínú àwọn tó ń rí kóòdù. Kathleen Sebelius, mínísítà ètò ìlera nígbà náà, tọrọ àforíjì lọ́wọ́ aráàlú ní ìparí oṣù Kẹwàá, ó sì fi ipò sílẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀lé e. Wọ́n kó àwọn onímọ̀ láti ìta wá, Mikey Dickerson tó wá láti Google wà lára wọn. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n gbé pátákó kan kalẹ̀ tó ń fi hàn bí ìkànnì náà ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí pé kò sí irú rẹ̀ nílẹ̀ rárá. Ìgbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, ìkànnì náà ti ń gba ènìyàn. Ìgbà tó di àárín oṣù Kẹrin ọdún 2014, àwọn tó lé ní 8,000,000 ti forúkọ sílẹ̀, nígbà tí a bá ka àwọn ìkànnì tí àwọn ìpínlẹ̀ ṣe fúnra wọn mọ́ ọn.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, inú ìwé àdéhùn iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Yunifásítì á gbé ìkànnì fún agbaṣẹ́ṣe, ìjọba ìbílẹ̀ á gbé e, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù á gbé e. Wọ́n á kọ iye ojú ìwé sínú àdéhùn, wọ́n á kọ àwọ̀ tí wọ́n fẹ́, wọ́n á kọ ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí. Ní ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀, wọ́n á tan àwòrán sára ògiri nínú gbọ̀ngàn tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n á pàtẹ́wọ́, akápò á sì san owó tó kù. Kò sí ìlà kan nínú ìwé náà tó sọ ọ̀nà tí ará ìlú yóò gbà àti bí a ó ti mọ̀ pé ó là.

Kí wọ́n dárúkọ ọ̀nà mẹ́rin tàbí márùn-ún náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àdéhùn. Kí wọ́n kọ ọ́ pé oníbàárà ló ni àwọn àyẹ̀wò náà pẹ̀lú kóòdù rẹ̀, kí agbaṣẹ́ṣe tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè máa lò wọ́n. Ní ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀, kí wọ́n pa àwòrán ara ògiri, kí agbaṣẹ́ṣe ṣe àyẹ̀wò náà lójú gbogbo wọn, lórí sáfà tí ará ìlú yóò lò, pẹ̀lú íntánẹ́ẹ̀tì orí fóònù lásán. Bí gbogbo rẹ̀ bá jáde ní àwọ̀ ewé, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ pé kí wọ́n lọ sínú kóòdù lórí sáfà ìdánrawò, kí wọ́n yí òfin ẹ̀yáwó láti ìlọ́po méjì sí ìlọ́po mẹ́ta, kí wọ́n sì tún àyẹ̀wò náà ṣe. Ó gbọ́dọ̀ di pupa, nítorí ₦300,000 tí wọ́n ń kọ̀ tẹ́lẹ̀ yóò ti di èyí tí wọ́n ń gbà. Bí ó bá ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé, kí akápò má tíì fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì.